Ọjọ́ Tí Àgbò Iléyá Já Wáyà Sáfà

Iléeṣẹ́ rédíò kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ilora. Ẹ má fi ojú rédíò ńlá ìgboro Ìbàdàn wò ó o. Ilé oníyàrá mélòó kan ni, àgbàlá wà láàárín, igi máńgòrò wà lẹ́yìn, òpó tí a fi ń gbóhùn jáde sì fi díẹ̀ ga ju igi máńgòrò náà lọ. Fìdítì ni mò ń gbé, bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Bí àwọn ará àdúgbò bá bi ìyá mi léèrè pé kí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe ní rédíò tí wọn kì í fi í gbọ́ ohùn ẹ̀, á ní, "Òun ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má baà ya wèrè." Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé iṣẹ́ mi dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ̀ǹpútà kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí a ń pè ní sáfà. Inú ẹ̀ ni gbogbo fáìlì wa ń gbé: ìròyìn, wáàsí, ìpolówó ọjà, orin. Kọ̀ǹpútà tó wà ní sítúdíò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan nínú tirẹ̀. Tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá fẹ́ lo nǹkan, kọ̀ǹpútà sítúdíò á ránṣẹ́ gba inú wáyà tó la àgbàlá kọjá, sáfà á sì gbé e fún un. Tí a bá gba ohùn sílẹ̀, inú wáyà yẹn náà ló máa gbà lọ síbi ìpamọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì rọrùn, àfi ọjọ́ tí sáfà ò bá dáhùn.

Sáfà kì í sì í dáhùn nígbà mìíràn. Iná lè lọ, kí a tó yí i sí jẹnẹrétọ̀, sáfà á ti kú. Eku lè gé wáyà jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀, torí èmi ni mo gbọ́dọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà sítúdíò ohun tó máa ṣe nígbà tó bá pe sáfà tí sáfà ò jẹ́ ẹ. Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ṣe ètò náà là sílẹ̀. Wọ́n pe ọ̀kan ní rírọ̀: á pè é níwọ̀nba iye tí ẹ bá ní kó pè é, tí kò bá sí ìdáhùn, á ṣíwọ́, á ní iṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́. Wọ́n pe èkejì ní líle: á pè, á sì máa pè, kò ní lọ, kò ní bọ̀, kò ní fọwọ́ kan nǹkan mìíràn títí sáfà á fi jí.

Rírọ̀ ni ọ̀gá wa fẹ́ràn. Alájì ni, iṣẹ́ tíṣà ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì kó tó di pé ó dá rédíò sílẹ̀, kò sì tíì jáwọ́ nínú kíkọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ tí mo ṣàlàyé ọ̀nà méjèèjì fún un, kò jẹ́ kí n dé ìparí ẹ̀. Ó ní, "Sàlámù ẹ̀ẹ̀mẹta."

Mo ní, "Báwo, sà?"

Ó ní ṣé wọn ò kọ́ mi nílé kéú ni. Tí èèyàn bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, á kí wọn ní sàlámù. Tí wọn ò bá dáhùn, á tún un kí. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta tí kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ, kó yí padà kó máa lọ sílé rẹ̀ láìbínú. "Kọ̀ǹpútà tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé, tó ń kanlẹ̀kùn láti àárọ̀ dalẹ́, kò lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn."

Wọ́n kúkú kọ́ mi nílé kéú. Òótọ́ ló sọ, ni mo bá ṣe é bó ṣe wí. Mo kàn ń kùn sínú pé ẹnu ọ̀nà onílé kọ́ ni wáyà.

Ó ń ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ Jímọ̀ kan. Ààfáà kan wá gba wáàsí sílẹ̀ láàárọ̀. Ohùn náà ń lọ sọ́dọ̀ sáfà lọ́wọ́ ni iná lọ ní yàrá ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà sítúdíò kí sàlámù ẹ̀ẹ̀mẹta, sáfà ò dáhùn, ló bá yí padà jẹ́ẹ́jẹ́, ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó wò ó. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ààbọ̀ wáàsí ló dé ibi ìpamọ́. Nígbà tó di ọ̀sán tí a gbé e sórí afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ ń dùn lẹ́nu ààfáà, ó wá ní, "Ẹ̀yin ará mi, ohun kan wà tí Ọlọ́run kò fẹ́ kí ẹ máa ṣe rárá nínú ilé yín, òun náà ni..." Ó tán síbẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ rédíò lẹ́nu.

Láti ìgbà yẹn di ìrọ̀lẹ́, fóònù wa ò sinmi. Kí ni Ọlọ́run ò fẹ́ kí àwọn máa ṣe? Obìnrin kan pè láti Akinmorin, ó ní òun ti sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ lórí iná o, òun ò mọ̀ bóyá ọbẹ̀ náà ni. Ọkùnrin kan bẹ̀ wá pé kí a ṣáà wí i, kí a sì wí i sókè, torí ó dá òun lójú pé ìyàwó òun ni wọ́n ń bá wí. Ààfáà fúnra ẹ̀ ò rántí ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé mọ́. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá ò ṣeé rẹ́rìn-ín níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo yí i sí líle. Ọ̀gá ò bá mi jà sí i, àmọ́ kò fẹ́ràn ẹ̀. Bí sáfà bá ti lọ pẹ́nrẹ́n, kọ̀ǹpútà sítúdíò á dúró gbagidi, kò ní gbọ́ tèmi, kò ní gbọ́ tìrẹ. Ọ̀gá á máa mirí. "Ẹ wo aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí." Ọwọ́ á sì máa yún un láti pa á kó tún un tàn, nítorí oògùn kan ṣoṣo tí a ní fún gbogbo ẹ̀rọ lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn. Tẹlifíṣàn, fóònù, ẹ̀rọ omi, ohunkóhun tó bá ti ṣe ségesège, pa á, tún un tàn.

Èmi náà wá ibi tí mo ti máa gbà fún un, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò wọ́ tán. Ó yẹ kí ẹni tó ń dúró jẹ́ kí a mọ̀ pé òun ń dúró. Mo kọ ètò kékeré kan tó jẹ́ pé lẹ́yìn sàlámù ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ á yọ lójú kọ̀ǹpútà: "Sáfà ò tíì dáhùn. Mo ṣì ń dúró dè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí." Nígbà tí ọ̀gá kà á, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ó kéré tán, ó ti mọ ẹ̀bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo ń bá bọ̀. Ọsàn ló ń tà ní Fìdítì, létí títì níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Kì í sáré tẹ̀lé mọ́tò bí àwọn yòókù. Orí àpótí ló máa ń jókòó sí, á kàn gbé ohùn sókè, dírẹ́bà á sì rọra fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn yẹn ló fi tọ́ wa. Òun náà ló fi ń jí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, tí á máa fi ohun tó mọ̀ nípa oníkálukú pè é: ìwọ tí o fẹ́ràn oorun ju àkàrà lọ, dìde, ìwọ tí o ń fi ojú kan sùn kí wọ́n má baà jẹ ẹran rẹ, ilẹ̀ ti mọ́.

Gègè wá yọ sí i lọ́rùn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tóbi, ó sì ń tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àárọ̀ nìkan ló ń rí ohùn lò. Tó bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn á há, á di pé ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn á fi ṣú. Dókítà tí a lọ bá ní Ìbàdàn ní àwọn máa yọ ọ́. Kò pa irọ́ fún wa: ara á yá, ṣùgbọ́n ohùn lè má padà sí bó ṣe wà. Màámi ní kò burú, ẹ̀mí ló jù. Ìgbà tí a délé ló tó rọra bi mí pé ṣé rédíò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ò lè bá òun fi ohùn òun pamọ́ síbì kan. Omi bọ́ lójú mi. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí i.

Ọ̀gá yọ̀ǹda sítúdíò fún wa tọkàntọkàn. Ọ̀sán ni ètò wa máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àárọ̀ ni a mú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló máa mọ́ bá Màámi lọ́nà ọsibítù. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń ṣọ́ ohùn lò bí ẹni ń ṣọ́ omi lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọwọ́ ló fi ń kí èèyàn. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó gbé wa lọ sí Ilora mọ̀ ọ́n dáadáa, ó kí i títí, Màámi kàn ń ju ọwọ́ sí i ni. Ọkùnrin náà yíjú sí mi pé, "Ẹ bá mi bẹ Ìyá o, mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

Ó jókòó síwájú máíkì, ó tún gèlè ṣe bí ẹni pé wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Mo ní kó máa sọ̀rọ̀. Ó mí kanlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo iyàrá náà kan: "Ọsàn Fìdítì rè é o! Ẹ̀yin tó ń lọ Ìbàdàn, ẹ mú u dání. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, ẹ fi pòùngbẹ. Ẹni tó bá mu ún tí kò dùn, kó kó èèpo ẹ̀ padà wá fún mi o!" Ọ̀gá tó ń wò wá láti ẹ̀yìn gíláàsì dìde dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, Màámi jí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó bá ọmọ àbúrò mi tí wọn ò tíì bí sọ̀rọ̀, èyí tó ṣì wà nínú oyún, ó ní kó má bẹ̀rù, ilé yìí kún fún ariwo ṣùgbọ́n oúnjẹ wà níbẹ̀. Ó ṣàdúrà fún gbogbo wa. Ohùn ti ń há kó tó ṣe àmín. Ó wò mí, ó sọ nǹkan kan, ètè rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé "ó tán" ló wí.

Mo tẹ ibi ìpamọ́. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé àárín, ó dúró. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ mi yọ lójú kọ̀ǹpútà: Sáfà ò tíì dáhùn. Mo ṣì ń dúró dè é.

"Ó tún ti dé nìyẹn," ọ̀gá wí, ó ti wọlé bá wa. "Pa á, kí o tún un tàn." Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi bọ́tìnnì.

Mo fi gbogbo ara dí i. "Ẹ má fọwọ́ kàn án, sà." Mi ò sọ̀rọ̀ sí ọ̀gá báyẹn rí láyé mi. Mo ṣàlàyé fún un kíákíá pé ohùn Màámi ò tíì dé ọ̀dọ̀ sáfà, inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló wà, tí a bá sì pa á, ó lọ nìyẹn.

Ó ní, "Ṣé wọn ò lè tún un sọ ni?" Ó wo Màámi. Màámi fọwọ́ kan ọ̀fun, ó mirí. Ọ̀gá fa ọwọ́ padà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Iná ò sí láti àná, bátìrì tí ọ̀gá rà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wáàsí ni sítúdíò àti yàrá ẹ̀yìn jọ ń lò, iná pupa kékeré ara ẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú pé òun ò ní pẹ́ tán. Tí a bá sì ní ká yí i sí jẹnẹrétọ̀, iná á dá díẹ̀ láàárín, ìdákú kékeré yẹn sì tó pa kọ̀ǹpútà. A pa fáànù, a pa gbogbo gílóòbù. Màámi fi ọwọ́ pè mí, ó sọ sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé ó ti gbé e mì ni?"

Mo ní, "Rárá, Màámi. Ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni ò tíì dáhùn."

Ó ní, "Ṣé kò ní tu ú dànù?"

Mo ní kò ní tu ú dànù. Ó yọ tẹ̀sùbáà rẹ̀ nínú báàgì, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.

Mo sáré la àgbàlá kọjá. Sáfà wà láàyè, nǹkan kan ò ṣe é. Mo wá ń tẹ̀lé wáyà bọ̀ láti yàrá ẹ̀yìn títí mo fi dé abẹ́ máńgòrò, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ọ̀daràn. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá ti ra àgbò kan tó sanra, ó sì so ó mọ́ páìpù ara ògiri lábẹ́ òjìji, kí oòrùn má baà pa á. Inú páìpù yẹn ni wáyà wa gbà. Àgbò ti fà á títí páìpù fi yọ, wáyà bọ́ síta, ó sì ti fi í ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ó dúró síbẹ̀ tó ń jẹnu, ègé wáyà búlúù kan ṣì yọ létí ẹnu ẹ̀.

Ọ̀gá bá mi níbẹ̀. Ó wo àgbò, àgbò náà wò ó. "Èmi ni mo so ó," ló wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ó yẹ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbọ́ tèmi. Mo ní, "Sà, ṣé àgbò yìí kí sàlámù kó tó wọ inú páìpù?"

Wáyà gígùn ò sí nílẹ̀. Kí ọlọ́kadà tó lọ rà á bọ̀ ní Ọ̀yọ́, bátìrì á ti kú. Wáyà kékeré kan ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, kò tó ìdajì àgbàlá. Mo dúró, mo ronú, ara mi wá balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí wáyà ò bá lè dé ọ̀dọ̀ sáfà, kí sáfà dìde wá bá wa. Mo ní kí ọ̀gá jẹ́ ká pa á, ká gbé e lọ sí sítúdíò.

Ó ní, "Ṣebí ìwọ náà lo ní ká má pa nǹkan kan?"

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà sítúdíò ni a ò gbọdọ̀ pa, sà. Sáfà lè kú kó sì jí. Ẹni tó ń dúró dè é ò ní mọ̀ ju pé ó pẹ́ lọ. Tó bá ti lè gbọ́ ohùn ẹ̀ padà, ibi tó bá a dé ló ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ó ní, "Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá." Lẹ́yìn náà ló rántí àgbò tó dúró tì wá, ló bá pa ẹnu dé.

Ó ká ọwọ́ bùbá rẹ̀ sókè, èmi àti ẹ̀ sì gbé sáfà la àgbàlá kọjá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. A gbé e kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ Màámi, mo ki wáyà kékeré bọ àwọn méjèèjì, mo tàn án. Sáfà wa kì í yára jí. Bí àgbàlagbà ló ṣe ń dìde, á kọ́kọ́ yẹ gbogbo oríkèé ara wò kó tó dáhùn. Iná pupa ara bátìrì ò ṣẹ́jú mọ́, ó ti dúró ṣinṣin, èyí tó burú ju kó máa ṣẹ́jú lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò lè wo ojú Màámi, mo tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀gá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà sítúdíò, ó fọwọ́ gbá a léjìká bí ẹni ń rọ ọmọ iléèwé, ó ń sọ fún un pé, "Tún un kí. Jọ̀wọ́, tún un kí."

Ọ̀rọ̀ náà pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Ilà ìpamọ́ tó ti dúró sáàárín mira, ó rìn, ó dé òpin. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fóònù mi lójú ẹsẹ̀, mo sì ṣe òmíràn sínú fóònù Màámi. Nígbà tí a gbé e sókè tí ohùn náà kún iyàrá, Màámi fọwọ́ bo ẹnu. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ohùn níbẹ̀, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ọ̀gá ní òun fẹ́ lọ fún àgbò lómi, a ò sì tètè rí i mọ́.

Wọ́n yọ gègè náà láyọ̀. Ara Màámi yá, ọrùn rẹ̀ jọ̀lọ̀, ó ń jẹun, ó ń sùn. Òótọ́ ni dókítà sọ: ohùn tó padà wá kéré, ó sì rẹlẹ̀, ó tó bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀, kò tó dá mọ́tò dúró. A rò pé ọsàn títà ti tán nìyẹn. Àbúrò mi ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó máa gbọ́mọ. Màámi kàn ń gbọ́ wa ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti Ilora, bọ́ọ̀sì wa ń wọ Fìdítì, mo gbọ́ ọ. Ohùn Màámi, ohùn àtijọ́, ó ń ròkè lálá létí títì. Mo sọ fún dírẹ́bà pé kó dúró, àmọ́ ó ti ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó la ẹnu.

Màámi jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń bó ọsàn, ó sì pa ẹnu dé. Wọ́n so irú gbohùngbohùn tí àwọn tó ń ta àgbo fi ń polówó mọ́ agbòòrùn rẹ̀, fóònù rẹ̀ wà lórí itan. Ọ̀gá mi ló fi gbohùngbohùn náà ránṣẹ́ sí i, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi nínú àwọn méjèèjì. Èrò kan na orí jáde lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó ní, "Ìyá, ta ló ń polówó fún yín?"

Màámi fi orí ọ̀bẹ tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó sì na ọsàn sí i.

Mo jókòó tì í. Ohùn náà ń lọ lókè orí wa. Ó sún mọ́ mi, ó fi ohùn kékeré tó kù fún un ní, "Jẹ́ kí òun máa pariwo. Èmi ń sinmi." Mo mú ọ̀bẹ kejì, mo bá a bó ọsàn títí bọ́ọ̀sì mìíràn fi dé.